Ìrìn ẹsẹ̀ àti gígun òkè ní páàkì erékùṣù Réunion: ìbéèrè àwọn ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ṣáá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ọmọ tàbí àbúrò wọn ń ṣiṣẹ́ ní Réunion, tó sì ní kí wọ́n wá kí òun. A kó ìdáhùn wọn jọ síbí. Ẹni tó bá jẹ́ pé iyanrìn funfun àti etíkun ló ń wá, kò ní rí púpọ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ òkè la fẹ́ sọ.

Níbo gan-an ni Réunion wà, ta ló sì ni ín?

Inú Òkun Índíà ló wà, nǹkan bí 700 km sí ìlà oòrùn Madagásíkà. Mauritius ni aládùúgbò rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju 2,512 km² lọ, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì lé ní 850,000. Etí òkun ni ọ̀pọ̀ wọn há mọ́, nítorí òkè àti ọ̀gbun ló gba àárín erékùṣù náà.

Faransé ló ni ín, láti ọdún 1946 ló sì ti di ọ̀kan lára àwọn département wọn. Euro ni wọ́n ń ná. Kí àwọn Faransé tó dé ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, kò sí ẹni tó fi ibẹ̀ ṣe ilé. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, pàápàá láti Madagásíkà àti ìlà oòrùn Áfíríkà, ni wọ́n fi dá oko kọfí àti oko ìrèké. Ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 1848 ni òmìnira dé, ọjọ́ náà sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi níbẹ̀ títí dòní.

Ṣé páàkì yìí dà bíi Pendjari?

Rárá o. Ẹni tó bá tìtorí erin àti kìnnìún lọ, ọwọ́ òfo ni yóò fi padà. Kò sí àmọ̀tẹ́kùn, kò sí ọ̀bọ, kò sí ẹfọ̀n. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pa mọ́: àwọn òkè ṣóńṣó, àwọn ògiri àpáta tó ga fíofío, àti àwọn àfonífojì ńlá mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní cirque, ìyẹn Mafate, Cilaos àti Salazie. Ọdún 2007 ni wọ́n dá páàkì náà sílẹ̀. Àárín rẹ̀ tí òfin ti le jù lé ní 105,000 hẹ́kítà, ó sì gba nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún erékùṣù náà. Ní 2010 ni UNESCO fi kún ogún àgbáyé.

Ẹyẹ wà níbẹ̀ tí ẹ kò lè rí níbòmíràn láyé. Tuit-tuit kò sí ju igbó Roche Écrite lọ, lókè Saint-Denis tó jẹ́ olú ìlú wọn, eku àti ológbò inú igbó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run. Papangue ni àṣá wọn. Tec-tec, ẹyẹ kékeré kan tí kì í sá fún èèyàn, ni yóò máa bá yín rìn lójú ọ̀nà.

Ejò ńkọ́?

Kò sí ejò olóró nínú igbó wọn. Ẹni tó ti rìn nínú igbó Kétu rí yóò máa wo ilẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀. Kó máa wò ó náà, ṣùgbọ́n nítorí gbòǹgbò igi àti òkúta yíyọ̀ ni o.

Èló ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà?

Kò sí ẹnu ọ̀nà, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó tó nǹkan bí 900 km ló wà káàkiri, pátákó wà níbi tí ọ̀nà ti pínyà, kò sì pọn dandan kí ẹ gba amọ̀nà. Ibi tí owó ti ń jáde ni ọkọ̀ òfuurufú, ibùsùn àti mọ́tò tí ẹ máa yá. Ẹ rántí pé euro kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, kò sì yí padà. Ohun tí ẹ rò pé ó kéré lórí tábìlì wọn lè jẹ́ owó ọjà ọ̀sẹ̀ kan nílé.

Mo ní fíìsà Schengen. Ṣé ó tó?

Kò tó. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Ilẹ̀ Faransé ni Réunion, ṣùgbọ́n kò sí nínú Schengen. Fíìsà tí wọ́n fún yín láti lọ sí Paris tàbí Lyon kò jẹ́ kí ẹ wọ Saint-Denis, àfi tí wọ́n bá kọ Réunion sí i lára. Nígbà tí ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù lórí France-Visas, Réunion ni kí ẹ kọ síbi tí wọ́n ti béèrè ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ má kọ Faransé lásán kí ẹ máa rò pé wọn yóò mọ̀.

Tí ẹ bá máa gba Paris kọjá, tí ọkọ̀ kan já yín sí Charles-de-Gaulle tí èkejì sì máa gbéra ní Orly, ẹ máa jáde sí ìgboro nìyẹn, ẹ ti wọ Schengen. Ẹ máa nílò ìwé ti ìyẹn náà. Ẹni tó ń gbé Faransé tó sì ní káàdì ìgbélùú tí préfecture fún un kò nílò fíìsà mìíràn fún Réunion.

Ọ̀nà wo ni ọkọ̀ òfuurufú ń gbà láti Kùtọnu?

Kò sí èyí tó ń lọ tààrà. Àwọn kan ń gba Paris, láti ibẹ̀ sí Réunion sì jẹ́ nǹkan bí wákàtí 11 lórí afẹ́fẹ́. Àwọn mìíràn ń gba ìlà oòrùn tàbí gúúsù Áfíríkà lọ sí Mauritius, wọ́n á sì wọ ọkọ̀ kékeré tí kì í tó wákàtí kan. Lójú àwòrán ayé, ọ̀nà ti Paris dà bí ẹni tó fẹ́ lọ sí Pòbẹ̀ tó kọ́kọ́ lọ sí Parakou. Síbẹ̀ òun ló máa ń rọrùn jù nígbà mìíràn, pàápàá fún ẹni tó ní ẹbí ní Faransé. Aago wọn fi wákàtí mẹ́ta ṣíwájú tiwa.

Ìgbà wo ló dára jù láti lọ?

Láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kọkànlá. Ìgbà òtútù àti ọ̀dá wọn nìyẹn, ọ̀nà gbẹ, ojú ọ̀run sì mọ́ láàárọ̀. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin jẹ́ ìgbà ooru, òjò àti ìjì ńlá tí wọ́n ń pè ní cyclone. Belal kọlù wọ́n ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Garance sì dé ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2025, ó sì ba ọ̀pọ̀ ọ̀nà ẹsẹ̀ jẹ́.

Oṣù Kẹwàá ní wàhálà tirẹ̀. Ìgbà náà ni eré ìje Diagonale des Fous máa ń wáyé, níbi tí àwọn èèyàn ti ń sáré gba òkè kọjá láti Saint-Pierre títí dé Saint-Denis, ó ju 160 km lọ. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ibùsùn lọ́sẹ̀ yẹn àyàfi tí ẹ bá ti gbà á sílẹ̀ tipẹ́.

Èdè wo ni wọ́n ń sọ?

Faransé àti Kírìó tiwọn. Faransé tí a kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ní Bẹ̀nẹ̀ tó yín lò.

Ṣé ibà wà níbẹ̀? Abẹ́rẹ́ wo ni mo nílò?

Ibà tí ẹ̀fọn ń kó bá wa nílé kò sí níbẹ̀ mọ́. Dengue àti chikungunya, àrùn méjì mìíràn tí ẹ̀fọn ń kó ràn, ló wà: ní 2005 sí 2006, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ará erékùṣù náà ni chikungunya dá dùbúlẹ̀, ó sì tún padà wá gidigidi ní 2025. Nítorí náà ẹ mú òògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń fi pa ara lọ. Ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́njú ṣe pàtàkì, torí orílẹ̀-èdè tí àrùn náà wà ni ẹ ti ń bọ̀.

Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í rò: ibà tí ẹ gbé láti ilé lè yọ lẹ́yìn tí ẹ bá dé ọ̀hún. Dókítà tó wà níbẹ̀ lè má kọ́kọ́ ronú kàn án. Bí ara yín bá gbóná, ẹ tètè sọ pé Bẹ̀nẹ̀ ni ẹ ti wá, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lójú ẹsẹ̀.

Omi odò wọn mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ẹ má bu ú mu bẹ́ẹ̀. Ìtọ̀ eku máa ń kó àrùn leptospirosis sínú omi. Bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀ yín, ẹ dì í kí ẹ tó la odò kọjá.

Mo máa ń gun òkè Ṣábẹ̀ẹ́ láìsinmi. Ṣé mo ti múra tó?

Mi ò ní fojú kéré àpáta Ṣábẹ̀ẹ́, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ó dára fún ìdánrawò ẹsẹ̀ àti fún ẹni tí òyì máa ń kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìṣirò. Mont Sokbaro, tí wọ́n sábà ń kà sí ibi tó ga jù ní Bẹ̀nẹ̀, jẹ́ 658 m láti ojú òkun. Piton des Neiges, òkè tó ga jù ní Réunion, jẹ́ 3,071 m. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan lójú ọ̀nà rẹ̀, ẹ máa gun nǹkan bí 1,100 m kí ẹ tó rí ibi tí ẹ máa sùn. Ìyẹn ju Sokbaro kan àtààbọ̀ lọ láàárín òwúrọ̀ kan.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n má ka kìlómítà. Kìlómítà márùn-ún lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Ajarà, ẹ máa fi sọ̀rọ̀ rìn ín tán ni. Kìlómítà márùn-ún ní Mafate lè gba wákàtí mẹ́ta. Iye mítà tí ẹ máa gùn àti iye tí ẹ máa sọ̀ ni kí ẹ máa wò lórí ìwé. Ẹni tí kò mọ òkè lára, kó ṣírò 300 m ní wákàtí kan nígbà tó bá ń gùn, kó má sì fi yangàn.

Sísọ̀kalẹ̀ ló ń pa orúnkún, kì í ṣe gígùn. Ẹ̀yin ará Kétu àti Àjàṣẹ́ tí ilẹ̀ yín tẹ́jú, ẹ wá ilé alájà mẹ́ta, ẹ gbé báàgì tó wúwo kọ́ ẹ̀yìn, kí ẹ máa gòkè, kí ẹ máa sọ̀ láràárọ̀ fún oṣù méjì kí ẹ tó lọ. Àwọn ará ilé yóò rẹ́rìn-ín yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in.

Kí nìdí tí gbogbo èèyàn fi ń sọ pé kí n jí láago mẹ́rin?

Nítorí kùrukùru. Láàárọ̀, ojú ọ̀run mọ́ bí ojú dígí. Tó bá ti tó nǹkan bí aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, afẹ́fẹ́ òkun á gbé ìkùukùu gun òkè, á sì bo gbogbo ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ gbówó kalẹ̀. Ọ̀sán ni òjò sábà máa ń rọ̀. Tó bá di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ nígbà òtútù, ilẹ̀ ti ṣú, òkùnkùn inú igbó kì í sì í fún èèyàn láyè láti wá ọ̀nà.

Ẹni tó bá sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, tó jẹun dáadáa, tó wá lọ sí Maïdo, ibi tí wọ́n ti ń wo Mafate látòkè, láago mọ́kànlá, funfun lásán ló máa rí. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan padà sílé wá sọ pé irọ́ ni àwòrán Mafate tí wọ́n ń rí kiri. Aago ló tàn wọ́n jẹ.

Kí ni kí n gbé dání, kí ni kí n wọ̀?

Bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀ tí abẹ́ rẹ̀ rí ṣákaṣàka, tí ẹ sì ti wọ̀ rìn nílé tipẹ́. Bàtà tuntun lójú òkè, ìyà ni. Kí ẹ fọ abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní kí ẹ tó gbéra, nítorí èso igbó àjèjì ti ń gba ilẹ̀ mọ́ igi ìbílẹ̀ wọn lọ́wọ́, inú ẹrẹ̀ bàtà ló sì ń gbà wọlé. Ẹ mú aṣọ òjò, tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́ orí, fìlà, àti omi tó tó lítà méjì sí mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba àwòrán ọ̀nà sínú fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, torí nẹ́tíwọ̀kì máa ń já nínú ọ̀gbun.

Aṣọ òtútù gidi ni kí ẹ mú, kì í ṣe èyí tí a ń wọ̀ nígbà ọyẹ́. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, yìnyín tínrín máa ń bo koríko lórí Piton des Neiges. Etíkun gbóná bíi Kùtọnu lọ́jọ́ kan náà, ìyẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ẹ mú fìlà onírun àti ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì pààrọ̀ ẹ̀wù tó bá ti gbà òógùn ní kété tí ẹ bá dúró.

Ṣé mo lè gbé gàrì, wàgásì àti ẹran gbígbẹ lọ?

Wàgásì àti ẹran, rárá. Òfin Yúróòpù kò gba ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe láti ilẹ̀ wa. Èso tútù, hóró tó lè hù àti ewéko kò gbọ́dọ̀ wọlé láìsí ìwé àṣẹ, erékùṣù wọn sì le lórí èyí ju Paris lọ nítorí kòkòrò àti igbó àjèjì. Ohunkóhun tó bá kù nínú ẹrù yín, ẹ sọ ọ́ fún aṣọ́bodè kó tó bi yín.

Ebi kò ní pa yín ṣá. Ìrẹsì ni wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́, pẹ̀lú ẹ̀wà tàbí lẹ́ńtì Cilaos, ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń pè ní brèdes, ọbẹ̀ cari, àti rougail tó ní ata. Ẹni tó bá ń jẹ ata Ṣábẹ̀ẹ́ yóò rọra rẹ́rìn-ín sí èyí tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn òyìnbó.

Ṣé òótọ́ ni pé mọ́tò kò dé Mafate?

Òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ tàbí hẹlikópítà, kò sí ìkẹta. Àwọn èèyàn bí ọgọ́rùn-ún mélòó kan ló ń gbé ibẹ̀ nínú àwọn abúlé kéékèèké tí wọ́n ń pè ní îlet: La Nouvelle, Marla, Roche Plate, Aurère, Grand Place àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Hẹlikópítà ló ń gbé gáàsì, sìmẹ́ńtì àti bíà wọlé, nítorí náà ẹ má bínú sí owó tí wọ́n dá lé bíà. Oòrùn ló ń fún wọn ní iná. Kò sí ẹ̀rọ tó ń pọ owó, kí ẹ mú euro dání.

Àwọn ẹrú tó sá kúrò lóko ló kọ́kọ́ fi àwọn ọ̀gbun wọ̀nyí ṣe ibi ìsádi, orúkọ ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn sì ni Mafate ń jẹ́. Ẹni tó bá mọ ìtàn ogun Dahomey sí Kétu, tó mọ bí àwọn ìyá ìyá wa ṣe ń sá gba inú igbó, kò ní rin ọ̀nà yẹn bí ẹni tó wá najú lásán.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti wọlé ni ti Col des Bœufs, lápá Salazie. Láti ibẹ̀ sí La Nouvelle, bíi wákàtí méjì. Ẹ lè sùn níbẹ̀, kí ẹ gba Marla lọ́jọ́ kejì, kí ẹ gun Col du Taïbit tó lé ní 2,000 m, kí ẹ sì já sí Cilaos. Ọ̀nà Rivière des Galets nísàlẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó ń la odò kọjá lọ́pọ̀ ìgbà. Bí òjò bá ti ń rọ̀ lókè, ẹ má gbà á.

Níbo la máa sùn?

Nínú gîte, ìyẹn ilé ìsùn àwọn arìnrìn-àjò. Yàrá àjùmọ̀sùn ló pọ̀, oúnjẹ alẹ́ wà bí ẹ bá ti sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ gba ibùsùn sílẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Tí ẹ bá débẹ̀ láìgbà á, wọn kò ní sọ pé kí ẹ wá jókòó ká pín in bí a ti ń ṣe nílé.

Àgọ́ kékeré fún òru kan ṣeé pa ní ọ̀pọ̀ ibi, bí ẹ bá tú u láàárọ̀. Iná dídá kò ṣeé ṣe àfi níbi tí wọ́n ti kọ́ ààrò fún un. Iná ńlá jó òkè Maïdo ní 2010, ó tún jó o ní 2011, wọn kò sì tíì gbàgbé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gun Piton des Neiges?

Láti Le Bloc lókè Cilaos, ní 1,380 m, ẹ máa gun àtẹ̀gùn òkúta àti gbòǹgbò títí dé gîte Caverne Dufour ní 2,478 m. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni. Ẹ jẹun, ẹ sùn láago mẹ́jọ. Láago mẹ́rin òru, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì orí, ẹ gun 600 m tó kù lórí òkúta gbígbẹ láti bá oòrùn pàdé lórí ṣóńṣó. Ẹ máa bá ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, ìlà tọ́ọ̀ṣì á gùn. Lẹ́yìn náà ni ìyà gidi: 1,700 m ní sísọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ wo ohun tí mo sọ nípa orúnkún.

Orí lè máa fọ́ yín díẹ̀ nítorí gíga ibẹ̀. Bí ó bá ń pọ̀ sí i tí èébì sì tẹ̀ lé e, ẹ sọ̀kalẹ̀.

Òkè oníná ńkọ́? Ṣé kò léwu?

Piton de la Fournaise wà lára àwọn òkè oníná tó ń ṣiṣẹ́ jù láyé, ó sì ga tó 2,632 m. Ó máa ń bú léraléra, ṣùgbọ́n inú kòtò ńlá kan tí ẹnikẹ́ni kì í gbé, Enclos, ni ó sábà ń tú iná rẹ̀ sí. Mọ́tò dé Pas de Bellecombe, 2,311 m. Láti ibẹ̀, ẹ máa sọ àtẹ̀gùn wọ inú Enclos, ẹ máa tẹ̀lé ọ̀dà funfun tí wọ́n fi sàmì sórí òkúta títí dé ibi tí ẹ ti lè wo ẹnu òkè náà tí wọ́n ń pè ní Dolomieu, tó wó lulẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2007. Àlọ àti àbọ̀ tó wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà. Kò sí igi, kò sí omi, kò sí ibòji. Bí kùrukùru bá bo ọ̀dà funfun náà, ẹ dúró sójú kan.

Nígbà tó bá fẹ́ bú, wọ́n máa ń ti Enclos pa. Wọn kì í ṣàwàdà sí i. Ní 1977, iná yọ jáde lóde Enclos, ó wọ Piton Sainte-Rose, ó yí ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ ká, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ń jẹ́ Notre-Dame des Laves báyìí, àwọn èèyàn ń lọ wò ó.

Ìyá wa fẹ́ bá wa lọ, ṣùgbọ́n wọn kò lè rìn jìnnà.

Ẹ mú wọn lọ. Mọ́tò dé Maïdo tí wọ́n ti ń wo Mafate láti 2,200 m, ó dé Pas de Bellecombe, ó dé Hell-Bourg ní Salazie níbi tí omi ti ń já láti ara ògiri àpáta. Ọ̀nà Cilaos ṣẹ́ kọ́nà nǹkan bí ìgbà irinwó. Bí ọkọ̀ bá máa ń kọ́ Ìyá lójú, ẹ fún wọn lóògùn kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì fi wọ́n síwájú. Bọ́ọ̀sì wà yí etíkun ká, ó wà fún Cilaos náà, ṣùgbọ́n ẹ máa nílò mọ́tò fún òkè oníná. Zémìjàn kò sí, ẹ má wulẹ̀ wá a.

Mo rí ilé kékeré pupa pẹ̀lú àbẹ́là àti òdòdó létí ọ̀nà. Kí ni?

Ojúbọ Saint Expédit ni. Kátólíìkì ló bí i, ṣùgbọ́n àwọn tí kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì náà ń bẹ̀ ẹ́ fún ohun tí wọ́n fẹ́ kó tètè ṣẹ. Tẹ́ńpìlì àwọn Tamil wà pẹ̀lú, àwọn tó ti Madagásíkà àti Áfíríkà wá sì ṣì ń ṣe ètùtù fún àwọn bàbá ńlá wọn. Àwa tí a mọ ohun tí ẹbọ ìkòríta jẹ́ kò nílò àlàyé púpọ̀: ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má ya fọ́tò ẹni tó ń gbàdúrà, ẹ kọjá lọ.

Òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a wà lójú ọ̀nà. Kí la ṣe?

Òjò wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa. Ní oṣù Kejì ọdún 2007, nígbà ìjì Gamède, 3,929 mm rọ̀ ní Commerson láàárín wákàtí 72. Òjò tó ń rọ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́ fún ọdún mẹ́ta gbáko kò tó bẹ́ẹ̀. Ní erékùṣù náà, odò lè kún láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn níbi tí ẹ dúró sí.

Ẹ má la odò tó ti yí àwọ̀ padà. Ẹ dúró lápá tí ẹ wà, kódà bó di òwúrọ̀. Bó bá jẹ́ mọ́tò ni, ẹ ṣọ́ra fún radier, afárá pẹlẹbẹ tí omi máa ń gba orí rẹ̀ kọjá: omi tó dé orúnkún ti tó gbé ọkọ̀ lọ. Bí wọ́n bá kéde ìjì ní àwọ̀ ọsàn, ẹ kúrò lókè. Ní pupa, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jáde nílé.

Bí ẹnìkan bá farapa ńkọ́?

Ẹ pe 112. Àwọn jàndámù orí òkè, PGHM, ni wọ́n máa wá, pẹ̀lú hẹlikópítà bí ojú ọ̀run bá gbà. Wọn kì í gbowó fún ìgbàlà náà, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ń gbà á, owó rẹ̀ sì wúwo. Ẹ má gbéra láìsí ìwé ìdójútòfò tó bo òkè gígùn. Ẹ sọ fún ẹni tó ni gîte ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ máa dé. Ẹ má sì dá nìkan rìn, kódà bí ẹ bá mọ ọ̀nà.

Wọ́n ti ọ̀nà kan pa, ṣùgbọ́n mo rí àwọn ará ibẹ̀ tí wọ́n ń gbà á. Ṣé kí n tẹ̀lé wọn?

Rárá. Àwọn ará Mafate ń lọ sílé wọn, wọ́n mọ òkúta tó ń mì àti èyí tó dúró. Òkè wọn ń ya lulẹ̀ lójoojúmọ́, pàápàá lẹ́yìn òjò, àṣẹ ìjọba ló sì wà lẹ́yìn pátákó tí ẹ rí yẹn. Ẹni tó bá fò ó kọjá lè san owó ìtanràn, iléeṣẹ́ ìdójútòfò sì lè kọ̀ láti sanwó bí nǹkan bá ṣe é.

ONF, iléeṣẹ́ ìjọba Faransé tó ń bójú tó igbó, ló ń tọ́jú ọ̀nà, wọ́n sì máa ń gbé orúkọ àwọn tó wà ní pípa jáde. Ẹ wò ó lálẹ́ tí ẹ bá fẹ́ gbéra, kí ẹ tún wò ó láàárọ̀. Kí ẹ ti ní ọ̀nà kejì lọ́kàn: bí ti Col des Bœufs bá wà ní pípa, ti igbó Bélouve lọ wo Trou de Fer, ọ̀gbun ńlá tí omi ń já sí, lè ṣí. Ẹrẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ o, ẹ wọ bàtà tí ẹ kò fẹ́ràn púpọ̀.